Bí A Ṣe Ń Gba Ìwé Ìfọwọ́sí fún Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ Kí Ó Tó Wọ Nàìjíríà

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó ráútà, fóònù, rédíò alágbèéká tàbí ẹ̀rọ mìíràn tí ń fi ìgbì sọ̀rọ̀ wọ Nàìjíríà láti tà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà láti ọdún 2003. Abala 132 nínú Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn ni Àjọ NCC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, máa ń tọ́ka sí nígbà tí ó bá ń sọ fún àwọn aṣèrọ, àwọn oníṣòwò àti àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé ẹ̀rọ wọn gbọ́dọ̀ bá ìlànà mu kí ó tó wọ̀lú, àti pé ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ìfọwọ́sí kí ẹnikẹ́ni tó tà á tàbí kí ó tó gbé e kalẹ̀ fún lílò. Ìwé ìfọwọ́sí yìí ni gbogbo wa tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní type approval.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn oníṣòwò to àwọn ìwé wọ̀nyí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ máa ń há mọ́ lọ́wọ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó fẹ́ rú òfin. Wọ́n ti sanwó ọjà tán, ẹrù ti wà lójú omi, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí NCC ń fẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìgbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín ni ẹni tí ń tajà máa ń dáhùn ímeèlì kíá. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ lè bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó fi ojú-ewé kan ṣoṣo ránṣẹ́. Nítorí náà, nínú àwọn ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ parí mẹ́ta àkọ́kọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà

Ẹ ní kí ẹni tí ń tà á fi ẹ̀yọ kan ránṣẹ́ sí yín. Àwòrán kò tó, nítorí pé àwòrán tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lè jẹ́ ti ẹ̀yà mìíràn tí ìrísí rẹ̀ jọ èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Nígbà tí ó bá dé, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ sì tan iná sí lébẹ́lì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ká sọ pé ráútà tí ń lo SIM ni. Ẹ ó rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ ó rí nọ́ńbà módẹ́lì, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ gan-an, IMEI tó jẹ́ nọ́ńbà 15, àti ìlà kan tó sọ iye iná tí ó ń lò, bíi 12V, 1A. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn àmì kéékèèké máa ń wà: lẹ́tà CE, ọ̀rọ̀ FCC ID tí lẹ́tà àti nọ́ńbà tẹ̀ lé, àti agbọ̀n ìdọ̀tí oní-táyà tí wọ́n fi ìlà méjì dábùú.

Nọ́ńbà módẹ́lì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàfo àti ìlà kékeré tó bá wà láàárín rẹ̀, nítorí pé òun ni yóò so gbogbo ìwé yòókù pọ̀ títí iṣẹ́ yìí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo rédíò tó wà nínú ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ráútà kan ṣoṣo lè ní rédíò 4G fún SIM, Wi-Fi ní 2.4 GHz, Wi-Fi mìíràn ní 5 GHz, kí ó tún ní Bluetooth tí kò hàn síta rárá. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ní àyẹ̀wò tirẹ̀, èyí tí ẹ bá sì gbàgbé ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé bí CE bá ti wà lára ẹ̀rọ, ó ti parí nìyẹn. CE jẹ́ ohun tí aṣèrọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọjà Yúróòpù, pé ẹ̀rọ òun bá òfin wọn mu. Fún ẹ̀rọ tó ní rédíò, òfin náà ni èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 2014/53/EU. Kò sí ìjọba tó fọwọ́ sí i, kò sì lè dípò ìwé NCC. FCC ID jẹ́ ti FCC, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, òun náà kò lè dípò ìwé NCC, àmọ́ ó wúlò fún wa lọ́nà kan tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ojú-ewé ìṣèwádìí tó wà lórí ìkànnì FCC, ẹ ó rí fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn ojú ọ̀nà ìgbì, tí ẹ̀rọ náà ń lò, agbára tí ó fi ń tú ìgbì jáde, àbájáde àyẹ̀wò, àti lọ́pọ̀ ìgbà àwòrán inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ń gbé àwòrán inú yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ṣíìpù rédíò wọn bá yàtọ̀, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fẹ́ tà fún wa, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ má gbójú fo ṣájà. Ó yẹ kí ẹ rí 100–240V, 50/60Hz lára rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni, iná tiwa yóò sì jó o ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oní-ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó wọ ihò iná ilé wa láìlo ádápítọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ojú ọ̀nà tí ìgbì rẹ̀ ń tọ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. ITU, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, ti pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta nítorí fíríkúẹ́ńsì. Àwa ní Áfíríkà àti àwọn ará Yúróòpù wà ní ẹkùn kìíní, Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù wà ní ẹkùn kejì, apá tó pọ̀ jù ní Éṣíà pẹ̀lú Ọsirélíà wà ní ẹkùn kẹta. Fíríkúẹ́ńsì tí ẹkùn kan fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ inú ilé, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìgba àṣẹ, lè jẹ́ èyí tí ẹkùn mìíràn tà fún ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní owó ńlá. Ẹ̀rọ tó dára, tí kò bàjẹ́, tó sì bófin mu níbi tí wọ́n ti rà á, lè di ìyọnu fún odindi àdúgbò bí ó bá dé ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo fóònù ilé tí kò ní wáyà, irú èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa máa ń tì sáàárín aṣọ nínú kọ̀ntéínà láti Amẹ́ríkà fún Màmá nílé. Èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ DECT 6.0 ń lo 1920 sí 1930 MHz. Ní Nàìjíríà, 1920 sí 1980 MHz ni fóònù oní-3G fi ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Èyí tó pẹ́ jù ú lọ, tí wọ́n kọ 900 MHz sí lára, ń lo 902 sí 928 MHz, ó sì wọ inú ibi tí fóònù GSM fi ń pe òpó, ìyẹn 880 sí 915 MHz. Irú fóònù kan náà tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ń lo 1880 sí 1900 MHz, kò sì kan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìdí tí ìdíwọ́ náà fi ń pọ̀ ni pé etí òpó ni ariwo yìí ń bọ́ sí. Fóònù tí ẹnì kan mú dání ní ìsàlẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí òpó tó wà ní ọ̀nà jíjìn, òpó náà sì ń tẹ́tí sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìpìlẹ̀ fóònù aláìníwáyà kan, ìyẹn ibi tí a ń gbé e lé, bá wà nítòsí, tí kò dákẹ́ lọ́sàn-án lóru, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kan ń pariwo sí etí ẹni tí ń gbìyànjú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìpè yóò máa já, íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa fà, gbogbo àdúgbò yóò sì máa bú ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo tẹ̀ lé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí nígbà tí wọ́n ń wá irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Ọ̀kan gbé áńténà tó dà bí egungun ẹja dání, èkejì ń wo ẹ̀rọ kékeré kan tí ìlà aláwọ̀ yẹ́lò ń fò sókè-sódò lójú rẹ̀. A rìn láti ojúlé dé ojúlé. Bí áńténà bá kọjú sí ibì kan, ìlà yẹn a ga, bí ó bá yí padà, a wálẹ̀. Ilé tí a kan lu ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbẹ̀yìn jẹ́ ti ìyá àgbà kan tó gbé omi tútù fún wa kí ó tó béèrè ohun tí a wá ṣe. Fóònù náà wà lórí fíríìjì, lórí aṣọ funfun kékeré tí wọ́n fi okùn hun létí, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn. Ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí a yọ ọ́ kúrò lára iná, ìlà yẹ́lò yẹn lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí fún un gidigidi, nítorí pé kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ra fóònù náà kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni níbi tí ó ti rà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń ka ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ dákun, bí ẹ bá fẹ́ fi irú fóònù yìí ránṣẹ́ sílé, ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù.

Ọ̀rọ̀ rédíò tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ níbi ìnáwó tàbí níbi iṣẹ́ ìkọ́lé náà kò yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún lílò lásán ní Amẹ́ríkà ń lo agbègbè 462 sí 467 MHz, èyí tí wọ́n ń tà fún lílò lásán ní Yúróòpù ń lo 446 MHz. Pé wọn kì í gba àṣẹ lé e lórí níbẹ̀ kò sọ pé a kì í gba àṣẹ lé e lórí níbí. Ẹ kọ̀wé sí NCC kí ẹ tó kó wọn, kí ẹ béèrè nípa fíríkúẹ́ńsì tí ẹ fẹ́ lò ní nọ́ńbà rẹ̀ gan-an. Ní ti búsítà tí àwọn ènìyàn ń gbé sórí òrùlé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lágbára, NCC ti kìlọ̀ fún aráàlú lórí rẹ̀ nítorí ìdíwọ́ tí ó ń fà. Ìmọ̀ràn tèmi fún oníṣòwò ni pé kí ó fi búsítà sílẹ̀ pátápátá, kí ó má sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́nu mọ́.

Fún Wi-Fi, ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bí wọ́n ṣe ṣètò orílẹ̀-èdè sínú ẹ̀rọ náà. Agbára tí Yúróòpù gbà láàyè ní 2.4 GHz, tí a bá ka áńténà mọ́ ọn, kò ju 100 mW lọ, Amẹ́ríkà sì gbà láàyè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní 5 GHz, láti 5250 sí 5350 àti láti 5470 sí 5725 MHz, rédà tí ń wo ojú ọjọ́ àti àwọn rédà mìíràn ń lo ibẹ̀, nítorí náà ráútà gbọ́dọ̀ lè tẹ́tí sílẹ̀, kí ó sì kúrò níbẹ̀ bí ó bá gbọ́ rédà. Ẹ tan ẹ̀yọ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ wò bóyá ẹni tó rà á lè yí orílẹ̀-èdè padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ náà tì í pa kí ẹrù tó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba ìwé àbájáde àyẹ̀wò, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní

Ẹ ó béèrè ìwé àyẹ̀wò ní ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní jẹ́ ti ààbò, pé ẹ̀rọ náà kò ní gbiná, kò sì ní gbé iná mọ́ ènìyàn. Ìlànà tí wọ́n ń lò fún un báyìí ni IEC 62368-1. Èkejì jẹ́ ti rédíò: EN 300 328 fún Wi-Fi àti Bluetooth ní 2.4 GHz, EN 301 893 fún 5 GHz, àti ti SIM lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìdíwọ́ láàárín ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, EN 301 489, pé kò ní da rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò rú, tiwọn náà kò sì ní da òun rú. Ẹ̀kẹrin kan ohun tí a ń gbé mọ́ ara, bíi fóònù: ìwé SAR, tó ń sọ iye agbára ìgbì tí ara ènìyàn ń gbà. Yúróòpù fi ààlà rẹ̀ sí 2 W/kg lórí gíráàmù 10 ẹran ara, Amẹ́ríkà fi í sí 1.6 W/kg lórí gíráàmù 1; ẹ wò ó dáadáa, kí ìwé yín sọ èyí tí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Bí bátìrì lithium bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìwé UN 38.3 kún un, nítorí pé àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù yóò béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹrù náà.

Ilé àyẹ̀wò tó kọ ìwé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí ISO/IEC 17025. Ẹ gba ìwé-ẹ̀rí náà, kí ẹ ka àtòjọ àyẹ̀wò tí wọ́n fún un láṣẹ láti ṣe. Mo ti rí ilé àyẹ̀wò tí àṣẹ rẹ̀ mọ sórí ààbò iná nìkan, tó sì ń kọ ìwé lórí rédíò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà tàbí ímeèlì ilé àyẹ̀wò náà fúnra yín, ẹ má lo èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló kọ ìwé tó ní nọ́ńbà báyìí-báyìí. Wọ́n sábà máa ń dáhùn láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ibi tí èmi fúnra mi ti kùnà rí ló kù. Oníbàárà kan kó ráútà, gbogbo ìwé rẹ̀ pé, mo ka nọ́ńbà módẹ́lì lórí ìwé àyẹ̀wò àti lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n bára mu, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́. N kò gbé ẹ̀rọ náà gan-an sójú. Nígbà tí kọ̀ntéínà dé èbúté Àpápá, lébẹ́lì tó wà lẹ́yìn ráútà ní lẹ́tà B ní ìparí nọ́ńbà rẹ̀, ìwé tiwa kò sì ní B. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti yí áńténà rẹ̀ padà láàárín ìgbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àti ìgbà tí wọ́n di ẹrù, wọn kò sì sọ fún wa. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn mú kí a tún àyẹ̀wò rédíò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, oníbàárà mi sì ń san owó ìdádúró ẹrù lójoojúmọ́ títí ó fi parí. Láti ìgbà náà, mo máa ń tẹ́ ohun mẹ́rin sórí tábìlì: ẹ̀rọ náà, páálí rẹ̀, ìwé àyẹ̀wò, àti ínfọ́ọ̀sì. Èmi a fi ìka lé nọ́ńbà módẹ́lì lórí ẹ̀rọ, ẹlòmíràn a máa ka ti àwọn yòókù sókè, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bí aṣèrọ bá sọ pé módẹ́lì mẹ́ta ló wà lábẹ́ ìwé àyẹ̀wò kan, ẹ gba lẹ́tà tí ó fi ṣàlàyé ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn, pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Bí àwọ̀ ara wọn nìkan ló yàtọ̀, kò sí wàhálà. Bí rédíò, áńténà tàbí ṣájà bá yàtọ̀, àyẹ̀wò mìíràn ni wọ́n nílò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ to ilé ara yín

Èyí kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ gba nọ́ńbà owó orí, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ aṣèrọ pé ó fún yín láṣẹ láti dúró fún òun níwájú NCC lórí àwọn módẹ́lì tí ẹ dárúkọ. Iṣẹ́ títa àti gbígbé ẹ̀rọ kalẹ̀ fún oníbàárà náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́dọ̀ NCC, lábẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní class licence. Ó yàtọ̀ sí type approval: èkíní wà fún ẹni tí ń tajà, èkejì wà fún ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní ọ̀kan tó rò pé òun ti ní méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí NCC

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ sí ìkànnì ncc.gov.ng, kí ẹ wo àtòjọ àwọn ẹ̀rọ tó ti gba ìfọwọ́sí. Ó lè jẹ́ pé módẹ́lì tí ẹ fẹ́ kó ti wà níbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ bi aṣèrọ bí ìwé náà ṣe jẹ́, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lo fọ́ọ̀mù tí NCC fi síta fún type approval, kí lẹ́tà ìbéèrè tó wà lórí ìwé olórúkọ ilé-iṣẹ́ yín bá a rìn. Àwọn ìwé tó yẹ kó wà nínú fáìlì yín ni àlàyé ẹ̀rọ, tó ní fíríkúẹ́ńsì àti agbára rédíò kọ̀ọ̀kan, àwọn ìwé àyẹ̀wò tí mo ti sọ, ìwé tí aṣèrọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ òun bá ìlànà mu, lẹ́tà àṣẹ, ìwé CAC, àti àwòrán ìta, inú àti lébẹ́lì. Ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà módẹ́lì. Ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní Abuja ní ìwé púpọ̀ níwájú. Bí ó bá ní láti ṣí fáìlì mẹ́wàá kí ó tó mọ èyí tí í ṣe ti ààbò, ti ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ kọ iye agbára bí ó ṣe wà nínú ìwé àyẹ̀wò gan-an. Àwọn tí ń kọ ìwé ìpolówó máa ń kọ agbára tó ga jù ti gidi lọ kí ọjà lè tà, bí ẹ bá sì da iye ìpolówó kọ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ìwé àyẹ̀wò yín kò bá ẹ̀rọ yín mu. Bí NCC bá fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí yín, ohun tí wọ́n béèrè nìkan ni kí ẹ dáhùn, kí ẹ tọ́ka sí ojú-ewé tí ìdáhùn náà wà. Owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san, ibi tí ìwé àjọ náà fúnra rẹ̀ dárúkọ ni kí ẹ san án sí. Ẹ má san án sí àkáǹtì ẹnì kankan tó ní òun lè bá yín yára parí rẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìfọwọ́sí bá jáde, ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: orúkọ, módẹ́lì, fíríkúẹ́ńsì, àti àwọn ohun tí wọ́n ní kí ẹ máa ṣe. Àṣìṣe lẹ́tà kan rọrùn láti tún ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà ní Kútọnu, ẹ mọ̀ pé ARCEP, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ń fún wọn ní ìwé tiwọn níbẹ̀. Ìwé náà mọ sí orílẹ̀-èdè Benin. Bí ẹ̀rọ bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, NCC ni yóò dáhùn fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: SON, báńkì àti aṣọ́bodè

Ìwé NCC kò lè dípò ti SON, àjọ tí ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, ti SON kò sì lè dípò ti NCC. Lábẹ́ SONCAP, ètò tí SON fi ń yẹ ọjà tó ń wọlé wò, ìwé méjì ni ẹ ó gbà: èkíní wà fún ọjà náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e ka ìwé àyẹ̀wò, èkejì wà fún ẹrù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ gbé. Ẹ ṣí Form M, fọ́ọ̀mù ìkẹ́rùwọlé, nípasẹ̀ báńkì yín kí ẹrù tó gbéra, ìwé ọjà ti SONCAP sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni iléeṣẹ́ aṣọ́bodè yóò fún yín ní PAAR, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò owó ẹrù. Fóònù, ráútà àti irú wọn wà lábẹ́ 8517 nínú ìwé ìpín ọjà. Ẹ jẹ́ kí ejẹ́ńtì yín sọ nọ́ńbà tó kù lẹ́yìn 8517 fún yín kí ẹ tó ṣí Form M, kí nọ́ńbà kan náà sì wà lórí gbogbo ìwé. Ibí ni nọ́ńbà módẹ́lì tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní tún ti wúlò, nítorí pé ínfọ́ọ̀sì tó kàn kọ "ráútà, ẹ̀yọ 500" kò lè so mọ́ ìwé NCC kankan.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn tí ẹrù bá ti jáde

Nígbà tí kọ̀ntéínà bá dé ilé ìkẹ́rùsí, ẹ ṣí páálí mélòó kan láti iwájú, àárín àti ẹ̀yìn, kí ẹ fi wọ́n wé ẹ̀yọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀yọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má tà á. Fún ẹ̀rọ tí ń lo SIM, ẹ yẹ IMEI wò. Lórí fóònù, ẹ tẹ *#06#, kí nọ́ńbà tó jáde bá ti páálí àti ti lébẹ́lì mu. Nọ́ńbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ dúró fún módẹ́lì, nítorí náà ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo ẹ̀yọ módẹ́lì kan tó ní ìpín nọ́ńbà kan náà, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ lórí ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí fóònù méjì tí nọ́ńbà 15 wọn bára mu látòkè délẹ̀, ẹ dá títà dúró, kí ẹ sì pe aṣèrọ.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ áńténà fún oníbàárà tó bá fẹ́ kí Wi-Fi rẹ̀ dé òpópónà, kí wọ́n má sì bá a yí orílẹ̀-èdè padà nínú ètò ráútà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti yí padà báyìí kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìfọwọ́sí mọ́. Oníbàárà tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò dá a lóhùn lè pe NCC lórí 622. Ó dára kí nọ́ńbà náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín.

Kí ẹ tó ṣe ọ́dà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí aṣèrọ, ohun márùn-ún péré ni kí ẹ bi í: ṣé ṣíìpù rédíò ti yí padà, ṣé áńténà ti yí padà, ṣé ṣájà tàbí bátìrì ti yí padà, ṣé ètò inú ẹ̀rọ tó ń darí agbára ti yí padà, ṣé nọ́ńbà módẹ́lì ti yí padà. Ẹ ní kí ó dá ìkọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ìdáhùn náà sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ìfọwọ́sí. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré nínú wọn, ẹ kọ̀wé sí NCC lórí rẹ̀ kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́.